Ahéré orí yìnyín ní adágún Winnebago: dọ́là 180 láti jókòó sínú òkùnkùn

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sanwó báyìí fún ọkùnrin kan tó ń fi ahéré orí yìnyín háyà fáwọn tó fẹ́ pa ẹja, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan tó wá ń pariwo. Láti ọjọ́ tí Bàbá Tóbi ti gbé fọ́tò ẹja tí a pa níbẹ̀ sí WhatsApp ìjọ ni àwọn ará wa ní Milwaukee àti Chicago ò ti jẹ́ kí fóònù mi sinmi. "Ìyá Tóbi, níbo lẹ ti rí i? Èló ni? Ṣé àwa náà lè wá?" Ó ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà, gbogbo rẹ̀ nìyí. Orúkọ ọkùnrin náà nìkan ni mi ò ní kọ síbí, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, kó pè mí.

Ohun tó ń tà rèé. Adágún Winnebago, ní Wisconsin níbí, máa ń dì nígbà òtútù débi pé pikọ́ọ̀pù ń sáré lórí rẹ̀. Ní Sátidé kejì oṣù Fẹ́búárì ni ìjọba máa ń ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sturgeon. Ọjọ́ 16 péré ni, ó sì lè má pé bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti ka iye tí wọ́n lè pa sílẹ̀. Tó bá ti pé, ó parí nìyẹn, kí kálukú gbé ọ̀kọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Aago méje àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán ni lójúmọ́. Ẹja kan fún ẹnì kan fún gbogbo ọdún. Ọkùnrin yìí ní ahéré onípákó mẹ́fà tó máa ń wọ́ lọ sórí yìnyín láti apá Stockbridge, ní ìlà oòrùn adágún náà. Dọ́là 180 ni ahéré kan lóòjọ́, ènìyàn mẹ́ta ló gbà, ẹ lè di mẹ́rin tí ara yín bá kéré. Á ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ de yín, á gbé hítà gáàsì sí i, ọ̀kọ̀ méjì, ẹja onígi tí wọ́n fi ń tan ẹja, àga, àti ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ gbé yín bọ̀. (Ẹ fara balẹ̀ ka àmì ohùn níbí o. Ọkọ mi jókòó sínú ọkọ̀, ó gbé ọ̀kọ̀ lé itan.)

Láísẹ́ǹsì ò sí nínú owó yẹn. Dọ́là 20 ni fún ẹni tó ń gbé ní Wisconsin, dọ́là 65 fún ará ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ sì gbọ́dọ̀ rà á kó tó di pé ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá kọjá, ìyẹn ni pé nígbà tí kò tíì sí yìnyín kankan lójú omi. Ọmọ ọdún 12 sókè ló lè gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré. Ọ̀rẹ́ wa kan láti Chicago san àsansílẹ̀ dọ́là 60 fún ọkùnrin yìí nínú oṣù kìíní, kò ní láísẹ́ǹsì, ọkùnrin náà ò sì bi í. Wọ́n jẹ́ kó wá, ó jókòó, ó ń wo omi, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn béèrè ìyẹn kó tó gbà á. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí mo ní nìyẹn.

Ẹ̀kejì ni ti aago. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní ká wà létí omi ní aago mẹ́fà ààbọ̀. A ti débẹ̀ ní mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, èmi, Bàbá Tóbi àti Tóbi, a wọṣọ lórí aṣọ bí egúngún. Òtútù ọjọ́ yẹn ju ohun tí mo lè ròyìn lọ. Omi tó wà létí ojú mi ń dì, bí mo bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú mi á lẹ̀ mọ́ra. Méje kọjá ìṣẹ́jú 25 kí pikọ́ọ̀pù tó yọ. Ìgbà tí a fi máa dé ahéré, ojú ihò náà ti dì padà, ó nípọn tó ìka mi. Ó ń fọ́ ọ, ó ń fi asẹ́ kó èérún rẹ̀ dànù, ìgbà tó fi máa mọ́, aago mẹ́jọ ti lù kọjá. Nínú wákàtí mẹ́fà tí òfin fún wa, ó ti jẹ ju ọ̀kan lọ. Mo ní kó dín owó kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹja kì í wo aago. Mo ní ó dáa, owó tèmi ń wò ó. Kò dín kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù, nítorí nọ́ọ̀sì ni mí. Ahéré yẹn ò ní fèrèsé, wọ́n fi ìrì dídì sé ìsàlẹ̀ ògiri pa kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, hítà gáàsì wá ń jó láàárín wa. Ní bí aago mẹ́wàá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, Tóbi náà ní orí ń fọ́ òun. Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn gbàgà. Bàbá Tóbi ń kùn pé ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, òun ò rí ìsàlẹ̀ omi mọ́. Mo ní kó máa wo ojú mi dípò omi. Afẹ́fẹ́ olóró tí hítà bẹ́ẹ̀ ń tú jáde kì í rùn, oorun ló fi ń gbé èèyàn lọ, kò sì sí aago tó lè ta wá lólobó nínú ahéré náà. Lọ́dún kejì, mo ra aago ọ̀hún fúnra mi, mo gbé e dání, mo sì fi han ọkùnrin náà. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, nígbà tí a débẹ̀ lọ́dún yìí, ó ti kan irú rẹ̀ mọ́ ògiri ahéré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ti lu ihò afẹ́fẹ́ sókè ilẹ̀kùn. Mo yọ ẹ̀sùn yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ gbé tiyín dání.

Ilé ìyàgbẹ́: báàkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tapólì. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má mu omi púpọ̀ láàárọ̀.

Kọfí tó ní ó wà nínú owó náà, omi ẹ̀kọ ki jù ú lọ.

Ó ku kí n sọ ìdí tí mo fi ń padà lọ.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ọjà Olúwo ni màmá mi ti ń ta ẹja, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì ti dàgbà, nínú òórùn ẹja tútù àti ariwo àwọn tó ń ná ọjà. Mo mọ obọ̀kún, mo mọ epìyà, mo mọ àrọ̀ tó bá ń jà nínú bàsíà. Àwọ̀n, ìwọ̀, ìgèrè, kò sí èyí tí mi ò rí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn gbé àga sórí adágún, kó máa wo ihò tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, kó máa retí kí ẹja tó lè gùn ju ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Tí wọ́n bá ti pa ilẹ̀kùn dé, ojú yín á kọ́kọ́ ṣú. Ẹ ní sùúrù. Díẹ̀díẹ̀ ni omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ló gba inú yìnyín wọ abẹ́ omi, tó wá ń padà yọ nínú ihò yẹn, aláwọ̀ ewé, bí ìgbà tí èèyàn gbé ìgò Sprite síwájú iná. Àwa tó jókòó yí i ká la wà nínú òkùnkùn, omi ló mọ́lẹ̀. Adágún yẹn ò jìn. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ. Níbi tiwa, ọkùnrin náà ní ẹsẹ̀ bàtà 15 ni, ó sì ti ju páìpù funfun kéékèèké sísàlẹ̀, wọ́n dábùú ara wọn. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá omi mọ́. Lọ́dún tí ẹ bá rí páìpù yẹn kedere, ẹ dúró. Lọ́dún kejì tiwa, a ò rí nǹkan kan kọjá apá méjì, omi ṣú bí omi aró, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Kò sí ohun tí ọlọ́jà lè ṣe sí ìyẹn, mi ò bá a wí.

Bàbá ni mo ń pe ọkùnrin náà, ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Ó ti lé ní 70. Tí ó bá ráyè, á wá jókòó ti àwọn tó gba ahéré, níbẹ̀ lẹ ó ti jẹ èrè owó yín. Lọ́dún yìí ó bá wa jókòó fún bíi wákàtí méjì, ó mú ẹja onígi kan tí kì í yá ẹnikẹ́ni dání. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i wò: ó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka, ó wúwo ju bó ti rí lọ, torí wọ́n yọ́ òjé sí i níkùn kó lè rì. Agolo ni wọ́n gé ṣe lẹ́bẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìṣó kéékèèké kàn án, ọ̀kan ti tẹ̀ kọ́rọ́. Ọ̀dà pupa àti ewé tí wọ́n kùn ún ti ṣí, àfi lábẹ́ àgbọ̀n. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ó so ó mọ́ okùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀, tí ó bá ti fa okùn díẹ̀, ẹja igi náà á lúwẹ̀ẹ́ yípo bí ẹlẹ́mìí. Ó ní kì í ṣe ebi ló ń mú sturgeon wá wò ó. Ojúmìító ni, ó fẹ́ mọ ẹni tó dé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń so ohunkóhun sómi. Ahéré tó tẹ̀lé tiwa, agolo kọfí pupa ni wọ́n so.

Ó ní ọmọ ọdún méje lòun nígbà tí bàbá òun kọ́kọ́ gbé òun lọ sórí yìnyín. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ bí wọ́n ti ń wà á lọ, kí wọ́n lè fò jáde bí yìnyín bá ya. Ìyá rẹ̀ á se ọ̀dùnkún, á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì kí ọwọ́ má baà dì, tó bá sì di ọ̀sán, á jẹ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, "mo jẹ ìbọ̀wọ́ mi." Nígbà yẹn ọ̀dùnkún tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sísàlẹ̀ omi kó funfun, kò tíì sí páìpù. Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ nínú ahéré. Wákàtí mẹ́fà, kò ní sọ gbólóhùn kan. Ó ní inú ahéré yẹn nìkan ni òun àti bàbá òun ti máa ń jókòó pa pọ̀ láìjà.

Mo bi í bóyá ẹja pọ̀ jù báyìí lọ nígbà náà. Ó ní rárá, ó ti fẹ́ẹ̀ tán kí wọ́n tó bí bàbá òun. Ní 1915 ni ìjọba fòfin dè é pátápátá, ó di 1932 kí wọ́n tó tún ṣí ìgbà ọ̀kọ̀. Ó lérò pé ohun tó tún un ṣe ni pé àwọn tó ń gún ẹja náà gan-an ló ń dáwó láti tọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn kan, Sturgeon for Tomorrow, ti wà láti 1977.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀nà orí yìnyín. Ẹ̀rù tó ń bà yín, ó bà èmi náà. Àwọn ẹgbẹ́ apẹja tó wà yí adágún náà ká ló ń ṣọ́ ọ̀nà ọ̀hún. Igi Kérésì tí àwọn èèyàn ti lò tán ni wọ́n máa ń rì mọ́ yìnyín, wọ́n tò ó bí òpó iná, kí awakọ̀ má baà ṣìnà nínú ìkùukùu. Níbi tí yìnyín bá ti ya, wọ́n á gbé afárá onígi lé e. Tí ọkọ̀ bá ti ń gorí afárá yẹn, omi dúdú lẹ ó rí lọ́tùn-ún lósì. Bàbá yìí kì í wakọ̀ kọjá ibi tí kò tíì lù wò lọ́jọ́ náà, mo ti rí i tó dá pikọ́ọ̀pù èèyàn márùn-ún padà, wọ́n ń bú u, kò dá wọn lóhùn. Lórí ìyẹn, mi ò ní ẹjọ́ kankan.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni. Bàbá Tóbi ti sùn. (Ó ti sùn lọ́dún kejì náà, ẹja kan kọjá, òun nìkan ni ò rí i, a ò sì tíì jẹ́ kó gbàgbé.) Èmi ń wo páìpù, mo wá ṣàkíyèsí pé ọ̀kan nínú wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Nǹkan ti bò ó. Kò wá bí ẹja, kò tilẹ̀ mi ara. Bí ìtì igi tí odò ń gbé lọ ló rí, àmọ́ adágún ni, omi abẹ́ wa ò ṣàn. Imú ṣóńṣó yọ, lẹ́yìn náà irùngbọ̀n mẹ́rin lábẹ́ imú, bíi ti àrọ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn tí eegun tò sí láti orí dé ìrù. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Orúnkún Tóbi ni mo dì mú.

Bàbá ò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Má jù ú. Jẹ́ kó bọ́. Ẹ̀yìn orí."

Ọmọ náà ti dìde kí n tó mọ̀. Ó na ọ̀kọ̀ sórí ihò, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ omi díẹ̀ kó má baà ta, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìró kankan ò jáde. Okùn tó wà nílẹ̀ kàn ń sá wọ omi fìrìrì, lẹ́yìn náà ó dúró, lẹ́yìn náà gbogbo ahéré mì. Àga dànù, kọfí dànù, Bàbá Tóbi jí, ó ń kígbe orúkọ Jésù. Ọ̀kọ̀ wọn yẹn, orí rẹ̀ máa ń yọ kúrò lára igi, okùn ni yóò kù lọ́wọ́ yín. Tóbi fà, Bàbá náà fà, ẹja náà gbé orí sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún rì. Lẹ́ẹ̀kẹta ni Bàbá fi ìkọ́ gbé e, wọ́n sì wọ́ ọ sórí pákó. Ó mí ẹ̀ẹ̀kan, ó dún bí ẹni tó rẹ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, jókòó sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè so táàgì mọ́ ẹja náà fúnra rẹ̀. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ so ó.

Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di aago méjì ọ̀sán. Ilé ọtí kan létí omi ni wọ́n lò. Àwọn èèyàn ti kún ìta, wọ́n gbé ọmọ wá wòran, wọ́n ń wo ẹja tí wọ́n gbé kọ́ bí ẹran. Fọ́tò èyí tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ wà lára ògiri, ti 2010, pọ́n-ùn 212 àti díẹ̀. Ti Tóbi jẹ́ pọ́n-ùn 33, ó gùn ní ínṣì 51. Ínṣì 36 ni òfin ní kò gbọdọ̀ dín sí. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ̀n ọ́n ní akọ ni, ó sì ní kò ní yà òun lẹ́nu tó bá ju Tóbi lọ lọ́jọ́ orí. Àṣìṣe ló ṣe tó sọ ìyẹn létí Bàbá Tóbi. Láti ìgbà náà ló ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹja: "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀." "Ta ló máa kun wọ́n?"

Ẹni tó kun wọ́n ni Bàbá, dọ́là 40, owó yẹn tọ́ sí i. Kò sí eegun ẹ̀yìn nínú ẹja yìí bí a ṣe mọ̀ ọ́n, okùn funfun gígùn kan ni, ó gé ìrù, ó lọ́ ọ, ó sì fà á yọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó ní kí n gé gbogbo ọ̀rá aláwọ̀ òféèfèé kúrò. Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, mo ní kí ló mọ̀ nípa ọ̀rá ẹja. Ìkòkò àkọ́kọ́, mo sè é pẹ̀lú ọ̀rá: òórùn ẹrẹ̀ gba gbogbo ilé. Ìkejì, mo gé e. Ẹran rẹ̀ le bíi ti adìyẹ ìbílẹ̀, kò fọ́ nínú ọbẹ̀ ata. Èyí tí wọ́n bá wa yan ni mo fi ro ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, abọ́ ẹ̀bà méjì ni pásítọ̀ wa jẹ.

Mo pe màmá mi lórí fídíò, mo gbé orí ẹja náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. "Àrọ̀ tó wọṣọ ológun rèé." Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí ìyá ọlọ́jà máa ń béèrè: "Èló ni wọ́n ń tà á?" Mo ní òfin ò gbà kéèyàn tà á, ẹran rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀. Wọ́n pòṣé. "Ẹja tí ẹ ò gbọdọ̀ tà, tí ẹ san dọ́là 180 kí ẹ tó pa. Ìwọ lo sì ní o kàwé." (Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá ẹyin rẹ̀ ṣeé rà, ẹ má bi mí mọ́.)

Tí owó yẹn bá pọ̀ jù fún yín, ẹ dúró di ìparí oṣù kẹrin. Àwọn sturgeon yìí máa ń gba odò Wolf gòkè lọ yé ẹyin. Ní Shiocton, wọ́n ń sún mọ́ òkúta etí odò débi pé ẹ̀yìn wọn yọ sókè omi, ọ̀fẹ́ lẹ ó dúró wò wọ́n. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn máa ń ṣọ́ wọn tọ̀sán tòru kí olè má baà gbé wọn, torí abo lè lé ní ọdún 20 kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, kì í sì í yé lọ́dọọdún. Àwọn Menominee, tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ka ẹja yìí sí ohun mímọ́, ìsédò ló sì dínà mọ́ ọn tí kò fi dé ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbúrò Tóbi ò tíì dàgbà tó láti gba láísẹ́ǹsì, ibẹ̀ la gbé e lọ, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ti yìnyín lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Bàbá. Aago ló jẹ ìkarùn-ún. A ti san àsansílẹ̀ ti Fẹ́búárì tó ń bọ̀, mo sì sọ fún un pé mẹ́fà ààbọ̀ tí ó bá pè, mẹ́fà ààbọ̀ ni kó jẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo máa gbé kọfí tèmi dání.